Àtíálá àti Ọ̀bọ Lórí Igi Kan Náà: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò láti Ìlọrin dé Ìsin

Ọjọ́ Ajé, Ìlọrin

Ọ̀sẹ̀ ìsinmi Ọdún Àjíǹde yìí ni mo yà sọ́tọ̀ láti wo ẹ̀dá méjì tí ń jẹun lórí igi kan náà ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara: àtíálá, ẹyẹ alágógó gígùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lophoceros semifasciatus, àti ọ̀bọ mona, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Cercopithecus mona. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ọ̀kan ń yé ẹyin, èkejì ń fún ọmọ lọ́mú, kí wá ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níbẹ̀? Èsì mi ni pé kì í ṣe ìbátan ni mo ń wá láàárín wọn. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń dù, ọ̀tá kan náà ń dọdẹ wọn láti ojú sánmà, inú igbó kan náà ni wọ́n sì ti ń tọ́ ọmọ. Èyí tó ní ọwọ́ méjì nínú wọn ń fi ọwọ́ ṣe é, èyí tó jẹ́ pé apá ni Ọlọ́run fún dípò ọwọ́ ń fi àgógó ṣe é, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi rí bí iṣẹ́ àwọn méjèèjì ṣe rí.

Ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì Ìlọrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí èèyàn bá ti wò dáadáa nítòsí ni kò ní ṣòro fún un láti dá mọ̀ lókèèrè. Mo dúró pẹ́ níwájú ọ̀bọ mona kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àyà àti ikùn rẹ̀ funfun, òkè ojú rẹ̀ ṣú, agbègbè ẹnu rẹ̀ sì mọ́ ju ìyókù ojú lọ. Àmì tó dá a yàtọ̀ sí gbogbo ọ̀bọ yòókù ni abala funfun roboto méjì tó wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún ìrù, ọ̀kan ní òsì. Bí ó bá kẹ́yìn síni lókè igi, ibẹ̀ yẹn ni kí a wò.

Bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá sọ fún un pé kó dúró, ọ̀bọ náà kò ní pẹ́ fi ìrù so ara rẹ̀ rọ̀. Ọmọ náà dúró títí, ọ̀bọ kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì lè ṣe é láéláé. Kò sí ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà kankan tí ń fi ìrù rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Àwọn kan ní ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà ló ní irú ìrù bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló sì gbé e wọ inú ilé wa. Ìrù mona gùn ju ara rẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni ó ń fi í ṣe, kí ara rẹ̀ má baà yẹ̀ nígbà tó bá ń rìn lórí ẹ̀ka tín-ín-rín tàbí tó bá ń fò láti igi dé igi. Ó yẹ kí ó ṣọ́ra, nítorí akọ rẹ̀ máa ń tó kílò márùn-ún. Àtíálá kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn: nǹkan bíi gíráàmù 250 sí 300 ni gbogbo ara rẹ̀, pẹ̀lú àgógó náà.

Lórí igi máńgòrò nítòsí ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ súfèé ẹyẹ kan tó ń lọ sókè sódò. Ìbátan àtíálá ni, èyí tó ní àwọ̀ eérú, Lophoceros nasutus. Ẹyẹ pápá ni òun. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ó máa ń ṣí lọ sí ìhà àríwá, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé yóò padà sọ́dọ̀ wa. Èyí tí mo ń wá kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ igbó ni, a sì máa ń rí i ní etí odò àti níbi tí ọ̀pẹ bá pọ̀ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti Ìlọrin lọ sí Òwá

Ọkọ̀ wa gba Ìdọ̀fìan kọjá dé Àjàṣẹ́-Ìpo, níbẹ̀ ni mo ti wọ òmíràn tó ń lọ sí ìhà Òwá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì jẹ́ pápá oko, pẹ̀lú igi irú àti igi òrí káàkiri, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ ni igbó ń ki ní àwọn àfonífojì tí omi wà.

Nítòsí afárá kan ni àtíálá àkọ́kọ́ ti kọjá níwájú mọ́tò. Kì í fò gbọnrangandan: yóò lu apá díẹ̀, yóò dá a dúró, yóò rọ sísàlẹ̀ díẹ̀, yóò tún lu apá. Kí awakọ̀ tó pa jíà dà, ó ti ré àfonífojì náà kọjá. Ìyá arúgbó tó jókòó tì mí ní ọ̀bọ wà nínú igbó yẹn náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí òun ti rí i kó sọdá títì yìí. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Igbó tí a bá la títì sí láàárín ṣì jẹ́ igbó kan fún ẹyẹ. Fún ọ̀bọ ó ti di méjì.

Síbẹ̀, ọ̀bọ mona ti rin ìrìn-àjò kan tí àtíálá kò rìn rí. Ní ayé òwò ẹrú, àwọn ọkọ̀ ojú omi kó o láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí erékùṣù Grenada ní Karibíánì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà nínú igbó orí òkè Grand Étang títí di òní. Wọ́n wà ní São Tomé àti Príncipe pẹ̀lú. Láàárín Ghana àti Kamẹrúùnù ni ilé rẹ̀ gan-an, èyí tó fi mọ́ tiwa níbí. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìyá náà mi orí, ó ní, “Ọmọ mi, wọn ò fi ọ̀bọ pàápàá sílẹ̀.”

Ọjọ́rú, Òwá-Kájọlà àti omi Òwù

Ọmọkùnrin kan ní ìlú náà ló mú mi lọ síbi òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Òwù kí oòrùn tó mú. Omi náà ń já bọ́ láti orí àpáta gíga, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa débi tí a ó gbọ́ ti ẹyẹ, nítorí náà a tẹ̀lé ipadò lọ sí ìsàlẹ̀ títí ariwo fi rọlẹ̀. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan wà níbẹ̀, èso rẹ̀ ti ń pọ́n. A jókòó sí ẹ̀yìn gbòǹgbò igi kan ní òdìkejì odò, mo gbé bìnókúlà lé ojú, a sì ń retí.

Àwọn ọ̀bọ ló kọ́kọ́ dé, láìpariwo púpọ̀. Ẹ̀ka ló ń mì kí a tó rí ara wọn. Mo mú abo kan, mo sì ń wo òun nìkan. Yóò na ọwọ́ fa ẹ̀ka sún mọ́ ara rẹ̀, yóò fi ìka tẹ èso wò, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò já èyí tó rọ̀, yóò sì fi èyí tó le sílẹ̀. Kò jókòó jẹ ẹ́ lójú kan náà. Ó ń kó o sínú àpò tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì fi wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Nígbà tó wá kún, ó wọ inú ewé lọ, ó yan ibi tó dákẹ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti èso náà láti ìta ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ̀ sí ẹnu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jẹ ẹ́ ní ìrọ̀rùn. Ọgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ibi tí oúnjẹ pọ̀ sí ni ewu pọ̀ sí ni èyí: kó o kíá, kí o lọ jẹ ẹ́ níbi tí ojú kò tó.

Àtíálá méjì bà sí ẹ̀ka òkè lẹ́yìn náà, takọtabo, nítorí àgógó ọ̀kan kéré sí ti èkejì díẹ̀. Ara wọn dúdú, ikùn wọn funfun, àgógó wọn ní àwọ̀ ọ̀rá, ṣóńṣó rẹ̀ sì dúdú. Akọ náà fi ṣóńṣó àgógó mú èso kan báyìí, ó fún un díẹ̀, ó sọ orí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, èso fò láti ṣóńṣó lọ sí ọ̀nà ọ̀fun, ó ti wọlé. Kò lè ṣe é lọ́nà mìíràn: ahọ́n rẹ̀ kúrú, kò dé iwájú àgógó, ohun tó bá fi iwájú mú, àfi kó jù ú sẹ́yìn. Kì í gbé irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lásán. Egungun méjì tó ṣáájú ní ọrùn àwọn ẹyẹ ìdílé rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, kí orí lè gba ẹrù àgógó náà dúró, a kò sì rí irú rẹ̀ lára ẹyẹ mìíràn. Nígbà tó yí ojú sí ọ̀dọ̀ wa mo rí ìpéǹpéjú rẹ̀ kedere, gígùn, dúdú. Ti ọ̀bọ, irun ni. Ti àtíálá, ìyẹ́ ló di bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló ń mọ èso tó pọ́n nípa àwọ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà ń ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára ewé tútù gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe ń yà á. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ sì tún ń rí irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú tiwa kò lè rí rárá. Lórí ọ̀pọ̀tọ́, tí kóró rẹ̀ wẹ́, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀, inú àwọn méjèèjì ni kóró ń gbà kọjá. Orí èso oníkóró ńlá ni ọ̀nà wọn ti ń pínyà. Ọ̀bọ yóò jẹ ara èso, yóò sì máa tu kóró sílẹ̀ níbi tó jókòó sí, èyí tí kì í sábà jìnnà sí ìdí igi náà. Àtíálá yóò gbé odindi èso mì, yóò fò lọ, yóò sì pọ kóró náà sílẹ̀ níbòmíràn láìfọ́. Bí mo bá jẹ́ igi, àtíálá ni ǹ bá fi rán ọmọ mi níṣẹ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, òjìji ẹyẹ ńlá kan kọjá lórí igi náà. Ọ̀bọ kan, akọ, mo rò, ké igbe gbígbóná kan, gbogbo agbo sì já wálẹ̀ sínú ewé. Àwọn àtíálá náà kúrò ní góńgó, wọ́n wọ àárín ẹ̀ka. N kò lè búra pé igbe ọ̀bọ ni wọ́n gbọ́ràn sí, nítorí àwọn náà lójú, ṣùgbọ́n wọ́n ti dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò níbòmíràn. Ní ọdún 2004, Hugo Rainey, Klaus Zuberbühler àti Peter Slater gbé ìwádìí kan jáde láti igbó Taï ní Côte d'Ivoire. Wọ́n gba ohùn sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé e sétí ìbátan àtíálá kan tó tóbi jù ú lọ, Ceratogymna elata: ohùn idì, ohùn ẹkùn, igbe tí ọ̀bọ Diana ń ké bó bá rí idì, àti èyí tó ń ké bó bá rí ẹkùn. Ẹyẹ náà mú ohùn idì àti igbe tí ọ̀bọ ké nítorí idì ní ọ̀rọ̀ gidi. Ti ẹkùn, kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, nítorí idì ń pa ọ̀bọ, ó sì ń pa ẹyẹ náà, ṣùgbọ́n ẹkùn kì í ṣe ewu fún ohun tó ń fò. Ìyẹn ni pé ẹyẹ náà mọ ìyàtọ̀ láàárín igbe méjì tí kì í ṣe èdè rẹ̀, ó sì mọ èyí tó kan òun níbẹ̀. Mo ti kọ́ ọmọ ènìyàn tí kò gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, igbó ẹ̀yìn Òwá

Bàbá ọdẹ kan, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ igbó, gbà láti mú mi lọ wo ìtẹ́ àtíálá. Mo kí i, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ara le?” Ó dáhùn, ó sì yọ àdá. Bí a ti wọ inú igbó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn wo orí igi. Ó dá mi dúró.

“Tíṣà, fi òkè sílẹ̀. Ilẹ̀ ni kí o máa wò.”

Ohun tó ń wí yé mi nígbà tí a dé ìdí igi gíga kan. Ìgbẹ́ ẹyẹ funfun tò sílẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo, kóró èso oríṣiríṣi kún àárín rẹ̀, àwọn kan sì ti hù. Igi ńlá náà kì í ṣe ìyá ọ̀kankan nínú wọn. Bàbá tọ́ka sókè gan-an sí ibi tí ìgbẹ́ náà ti wá: ihò kan wà lára igi, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí gbígbẹ ti dí i, àfi ojú tín-ín-rín kan tí kò ju ibi tí àgógó lè gbà lọ. Abo wà nínú rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló wọlé, fúnra rẹ̀ ló sì dí púpọ̀ nínú ẹnu ọ̀nà náà mọ́ ara rẹ̀ láti inú, kí ejò àti ẹranko má baà ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni yóò ti yé, ibẹ̀ ni yóò ti sàba. Nígbà tó bá wà níbẹ̀, ìyẹ́ apá àti ti ìrù rẹ̀ yóò re, kò ní lè fò, àwọn tuntun yóò sì máa hù. Kì í sọ ibẹ̀ di àkìtàn o: yóò yí ìdí sí ojú ihò náà, yóò sì yàgbẹ́ síta pẹ̀lú agbára, òun ni ìlà funfun tí a rí nílẹ̀.

A jókòó sí òkèèrè. Akọ dé, tata kan wà ní ṣóńṣó àgógó rẹ̀. Ó bà lé ẹ̀ka kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dì mọ́ ara igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Àgógó mìíràn yọ díẹ̀ láti inú, ó gba tata náà, ó wọlé padà. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Akọ náà sì tún ti lọ wá òmíràn. Báyìí ni yóò máa ṣe lójoojúmọ́ títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà díẹ̀, tí ìyá yóò fọ́ ilẹ̀kùn jáde. Àwọn ọmọ yóò tún un dí láti inú, ìyá àti bàbá yóò sì jọ máa gbé oúnjẹ wá. Bàbá ọdẹ ní, “Ẹni tó bá yìnbọn pa akọ yẹn lónìí, agboolé kan ló pa.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Abo tí ìyẹ́ rẹ̀ ti re kò ní ibi tó fẹ́ gbà.

Mo ronú kan ìyá ọ̀bọ níbẹ̀, nítorí ní àná mo rí ọ̀kan tí ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn níkùn. Ọmọ kan ni ó sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í há mọ́ ibì kankan. Ọjọ́ tó bá bí i náà ni ọmọ ti ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di irun ìyá rẹ̀ mú, ìyá sì ń bá oúnjẹ kiri pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lára. Bàbá ọmọ kì í fún wọn ní nǹkan kan jẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ké igbe, láti lé akọ mìíràn, àti láti ṣọ́ ojú sánmà. N kò fojú kéré iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n yan bàbá fún ọmọ, n kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú àtíálá. Ní ti ìyá, ọ̀bọ ni mo fẹ́, nítorí ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ ṣì lè sá là bí ọkọ bá kú.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo bi bàbá bóyá ó ń pa ọ̀bọ. Ó ní òun ti jáwọ́ láti ìgbà tí ìyàwó òun ti bí ìbejì. Mo rán an létí pé edun ni oríkì dárúkọ, “ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, edunjọbí,” edun kì í sì í ṣe mona. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè máa yẹ oríkì wò nígbà tí òun bá ti gbé ìbọn. Òwò gbogbo ẹ̀yà ọ̀bọ láàárín orílẹ̀-èdè ni àdéhùn àgbáyé CITES ti fi sábẹ́ òfin, IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń dáàbò bo ẹ̀dá, sì ti ka mona mọ́ àwọn tó ń sún mọ́ ewu àkúrun, nígbà tí àtíálá kò tíì sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ní ìdí igi tí a wà yìí, ìbejì ló ń dá ìbọn dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìṣánlú-Ìsin

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo sùn. Kí n tó jẹun tán ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́: ọ̀bọ ti ba ìbẹ́pẹ òun jẹ́, ọ̀bọ kò jẹ́ kí òun rí ohun tí òun yóò tà. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó.”

Oko náà wà létí igbó odò. Lábẹ́ ìbẹ́pẹ àkọ́kọ́, èso mẹ́ta wà nílẹ̀, wọ́n ti já wọn pẹ̀lú ìdí wọn, wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ níbì kan, wọ́n sì jù wọ́n nù. Àmì eyín fífẹ̀ hàn lára wọn, méjì nínú wọn kò sì tíì pọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyí, ọ̀bọ ló ṣe é. Ní ìbẹ́pẹ kejì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Èso ṣì rọ̀ lórí igi, ìdí rẹ̀ kò yẹ̀, èyí tó pọ́n jù nínú wọn sì ti dá ihò jíjìn kan tí etí rẹ̀ gún, inú ti ṣófo, kóró dúdú díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara èèpo. Kò sí àmì eyín kankan. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni àtíálá kan bà lé orí ọ̀pẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń wò wá láti inú ìdì ẹyìn.

Mo ka gbogbo igi náà pẹ̀lú màmá. Èyí tí àgógó jẹ pọ̀ ju èyí tí ọwọ́ já lọ. Mo ní, “Ṣé ẹ rí i pé ẹyẹ ló jẹ ju ọ̀bọ lọ?”

Ó wo ọ̀pẹ náà, ó wò mí. “Mo rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ẹyẹ mu, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀bọ já mẹ́ta kó tó jẹ ẹyọ kan, ó wá jókòó síbẹ̀, ó ń wo ojú mi.”

N kò rí èsì fún ìyẹn, nítorí bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe fún ọ̀bọ, pé kó tẹ èso wò kó tó jẹ ẹ́, òun náà ló ń sọ ọ́ di abanijẹ́ lójú àgbẹ̀. Ẹnu àtíálá kì í yẹ nǹkan wò tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi ṣòfò púpọ̀. A fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí lọ, yóò máa ká ìbẹ́pẹ ní kété tí ara rẹ̀ bá ti yọ pupa díẹ̀, kí ó lè pọ́n nínú ilé, nítorí àtíálá kì í sábà fọwọ́ kan èyí tó le, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa lọ sí oko ní òwúrọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ọ̀bọ máa ń jáde. A ká mẹ́jọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo wọ ọkọ̀ Ìlọrin, méjì nínú wọn sì wà nínú àpò mi.